Ogun Ni Ó Kó Wọn

Inú kíláàsì wa ni ọ̀rọ̀ tòní ti jáde.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ní abúlé kan ní ilẹ̀ Kétu, mo kọ gbólóhùn kan sí ara pátákó: « Wọ́n mú àwọn ará Kétu lọ sí Àgbómẹ̀, wọ́n di ẹrú. » Màmá àgbà kan tí ó jókòó níwájú kà á, ó tún un kà. Ó ní: « Ọmọ mi, pa á rẹ́. Ẹnìkan kò ra àwọn ìyá ńlá wa. Ogun ni ó kó wọn. » Mo rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo oko. Ẹni tí ó bá dẹ ẹ̀bìtì, a máa ń sọ pé ẹ̀bìtì pa eku, nítorí pé igi tàbí òkúta wó lé eku náà lórí. Ṣùgbọ́n tàkúté a máa mú ẹran, ẹran náà lè wà láàyè títí di òwúrọ̀. Bí eegun ẹja bá dúró sí ọ̀nà ọ̀fun, a ní ó há. Eegun náà kò lè lọ, kò lè bọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ « há » yìí sọ́kàn.

Kétu ní odi àti yàrà yí i ká. Ẹnu odi tí a ń pè ní Akaba Idena ṣì lókìkí títí di òní. Nígbà tí Glele jẹ ọba ní Dàhòmì, àwọn ọmọ ogun rẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, wá dó ti Kétu. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa: dó. Òun náà ni a ń lò nígbà tí a bá béèrè pé, « Ta ni ó dó abúlé yìí? » Ẹni tí ó dó ti ìlú kì í ṣe ẹni tí ó kọjá lọ. Ó pàgọ́, ó dáná, ó ń dúró. Ẹni tí ó wà nínú odi kò lè lọ sí oko, kò lè lọ sí ọjà. Odi tí àwọn baba fi dáàbò bo ọmọ wọn ni ọmọ há sí. Lọ́dún 1886, ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ Dàhòmì, wọ́n sì pa á run.

Nígbà náà ni wọ́n kó wọn. Olè kan ṣoṣo, a ó mú un. Iṣu inú oko, a ó kó o. Bí ogun bá dé, « kó » náà ni à ń lò fún ènìyàn: ogun kó wọn, wọ́n kó wọn ní ìgbèkùn. Bí ẹni ń kó ẹrù ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n ó sọ òtítọ́.

Lọ́dún 1860, ogun Dàhòmì ti kó ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Kossola ní agbègbè Bàǹtè. Wọ́n tà á ní Ouidah, ọkọ̀ Clotilda sì gbé òun àti àwọn ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ dé Amẹ́ríkà. Wọ́n gba òmìnira lọ́dún 1865, wọ́n fẹ́ padà sílé, owó ọkọ̀ kò sí. Ibẹ̀ ni Kossola kú sí lọ́dún 1935. Ṣùgbọ́n ní 1886 kò sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ Dàhòmì ni ọ̀pọ̀ ará Kétu wà. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé tí Dodds jẹ́ olórí wọn gba Àgbómẹ̀ lọ́dún 1892, ọ̀nà ilé ṣí sílẹ̀. Àwọn tí ó kù padà, wọ́n tún ìlú tẹ̀ dó, wọ́n sì fi Alákétu jẹ.

Ìwọ̀fà tún yàtọ̀. Ẹni tí ó jẹ gbèsè fi ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ ọmọ náà ni èlé. Ọjọ́ tí baba bá san owó tán, ọmọ ń bọ̀ nílé. Títẹ̀ ni iṣẹ́ náà tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tà á. Síbẹ̀, bí ìjà ilẹ̀ bá dé, a máa ń gbọ́ tí ẹnìkan ń ké sí ẹnìkejì pé, « Ìwọ ọmọ ẹrú! » Èyí tí ogun kó àti èyí tí gbèsè há, gbogbo wọn ni ó dà pọ̀ sínú èébú kan. Ìdí rẹ̀ nìyí tí màmá fi ní kí n pa á rẹ́.

Mo pa á rẹ́. Mo ní kí màmá fúnra rẹ̀ wá kọ ọ́. Ó di ẹfun mú, ó kọ « Ogun kó wọn », ṣùgbọ́n ó fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà o, ó di « Ogun kọ́ wọn ». Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kà á sókè, ó ní: « Màmá, ṣé ogun kọ́ wọn ní ìwé ni? » Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín, ó fi ìka nu àmì náà kúrò, ó sì padà lọ jókòó.