Àwọn Àlejò Ilé Ọmọ Òrukàn: Láti Ògbómọ̀ṣọ́ Dé Bouaké

Bí àwọn èèyàn wa bá ń múra àtilọ sílé lópin ọdún, ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn: àwọn fẹ́ gbé mílíìkì, ọṣẹ àti aṣọ lọ sí ilé ọmọ òrukàn tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn sì fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn ọmọ náà. Inú wa dùn sí mílíìkì. Ní ti fọ́tò, a ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ láti sọ, ìtàn ni a ó sì fi sọ ọ́.

Kersey ni wọ́n ń pe ilé náà. Orúkọ nọ́ọ̀sì kan ni, Ruth Kersey, ọmọ ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà, tí ìjọ Onítẹ̀bọmi rán wá. Kí ó tó dé, Dókítà George Green ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1907, òun ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣègùn tó di ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi, èyí tó wá di ilé ìwòsàn Yunifásítì Bowen ní 2009. Láyé ìgbà yẹn, ìyá á kú sórí ìkúnlẹ̀, ọmọ á yè. Bí kò bá sí obìnrin tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ nínú ẹbí, ta ni yóò fún ìkókó lọ́mú? Mílíìkì inú agolo kì í ṣe ohun tí àgbẹ̀ lè máa rà. Omi ẹ̀kọ ni wọ́n á máa rọ fún un, ikú kì í sì í jìnnà. Ní 1925 ni Kersey bẹ̀rẹ̀ sí gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ́dọ̀.

Ẹ fi etí sí ibí yìí dáadáa. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ náà kò ní èèyàn. Bàbá ọ̀pọ̀ nínú wọn wà láyé, ìyá àgbà wà, ẹ̀gbọ́n ìyá wà. Wọn kò gbà wọ́n láti yà wọ́n kúrò lára ẹbí. Wọ́n gbà wọ́n kí wọ́n má bàa kú ni. Bí ọmọ bá ti lè jẹun, tó sì lágbára, ilé ló ń padà sí. Nítorí náà, ẹbí ni àlejò tó ṣe pàtàkì jù lọ nílé ọmọ òrukàn, kì í ṣe òyìnbó, kì í sì í ṣe àwa tí a ti òkè òkun dé pẹ̀lú páálí mílíìkì.

Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ ló gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ọ̀pọ̀ ìlú ní Ghana àti Côte d'Ivoire, nítorí náà ọ̀rọ̀ ilé Kersey kò ṣàjèjì létí wa. (Gbogbo wa kọ́ ni Onítẹ̀bọmi o, Mùsùlùmí pọ̀ láàárín wa, àwọn náà sì ń gbé mílíìkì lọ.)

Bouaké níbí náà kọ́ wa ní ohun kan nípa àlejò. Àwọn míṣọ́nnárì ní ilé ẹ̀kọ́ kan níbí tẹ́lẹ̀, International Christian Academy, níbi tí àwọn ọmọ wọn ti ń gbé tí wọ́n sì ti ń kẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, ìbọn ń dún yí wọn ká. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, sójà Faransé wá kó àwọn ọmọ àti olùkọ́ wọn jáde, bàálù àwọn ará Amẹ́ríkà sì gbé wọn kúrò ní Yamoussoukro. A kò bínú sí wọn. Bàbá wo ni yóò rí ọkọ̀ tí kò ní kó ọmọ rẹ̀ jáde? Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìlú kò ní bàálù. Àwọn tí ogun pín níyà pẹ̀lú òbí wọn, ọ̀dọ̀ aládùúgbò àti ìbátan ni wọ́n kù sí.

Ọ̀kan nínú wa, tí ìyàwó rẹ̀ kú níbi ìbímọ nílé, ń fi owó ránṣẹ́ sí ilé ọmọ òrukàn kan lóṣooṣù, kò sì fi oṣù kan jẹ. Ọdún mẹ́ta ni kò fi yọjú. Nígbà tó dé, ọmọ náà sá sẹ́yìn yẹ̀rì olùtọ́jú rẹ̀, ó ń sunkún pé kí wọ́n lé àlejò lọ.

Ohun tó bà wá nínú jẹ́ nípa àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì náà nìyẹn. Ọkàn wọn dára, ṣùgbọ́n bí ìkókó bá ti ń mọ̀ wọ́n lójú ni wọ́n ń dì ẹrù. Àwọn ibì kan tilẹ̀ wà láyé tí wọ́n ti ń kó ọmọ tó ní òbí sí ilé òrukàn nítorí owó àlejò. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kí àwọn ìjọba wá nǹkan ṣe sí i.

Ìdí nìyí tí a fi fẹnu kò pé kí ẹni tó bá ń lọ kọ́kọ́ bá àwọn alábòójútó ilé sọ̀rọ̀, kó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n nílò, kó má sì ya ọmọ kankan ní fọ́tò. Apá kan nínú owó tí a bá dá yóò jẹ́ owó ọkọ̀ fún bàbá tàbí ìyá àgbà tí ọ̀nà jìn sí, kí wọ́n lè máa lọ wo ọmọ wọn. Ẹni tó bá mọ ẹbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ládùúgbò rẹ̀, kó fi orúkọ wọn tó akọ̀wé létí kí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó gbéra.