Gbogbo Alángbá Ló Da Ikùn Délẹ̀: Bí Àwọn Onímọ̀ Ṣe Kọ́ Láti Dá Kókó Inú Ẹran Ara Mọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí bá òwe yìí mu rẹ́gí. Kókó lè yọ sí ènìyàn ní apá, ní itan tàbí ní ẹ̀yìn. Ó lè jẹ́ ọ̀rá lásán tó ṣù jọ. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ inú ẹran ara, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní sarcoma. Èyí tí kò léwu pọ̀ ju èyí tó léwu lọ ní ìlọ́po bí 100. Síbẹ̀, ojú lásán àti ọwọ́ tí a fi tẹ̀ ẹ́ wò kì í fi gbogbo ìgbà mọ ìyàtọ̀. Báwo, nígbà náà, ni àwọn onímọ̀ ṣe kọ́ láti dá alángbá tí inú ń run mọ̀?

Ilẹ̀ Jámánì ni ìtàn náà ti fìdí múlẹ̀. Ní ọdún 1838, Johannes Müller, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Berlin, tẹ ìwé kan jáde nípa bí inú kókó ṣe rí lábẹ́ máíkírósíkóòpù, awò tí ń sọ ohun tín-ín-tìn-ín di ńlá. Ó fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ló para pọ̀ di kókó, gẹ́gẹ́ bó ṣe para pọ̀ di ara tó kù. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Rudolf Virchow, ló gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1858, ó kọ́ni pé láti inú sẹ́ẹ̀lì ni sẹ́ẹ̀lì ti ń wá, àti pé inú sẹ́ẹ̀lì ni kí a ti wá ìdí àrùn. Ẹ kíyè sí ohun tí èyí mú wá. Bí a ti ń wo ojú ọmọ kí a tó mọ agbo ilé tó ti jáde, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo sẹ́ẹ̀lì kókó bóyá ó jọ ti ọ̀rá, ti iṣan tàbí ti ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Jíjọ yìí ni wọ́n fi ń sọ kókó lórúkọ.

Ṣùgbọ́n ẹran ara tí a bẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò ní àwọ̀ tó hàn gbangba. Níbí ni ọgbọ́n àwọn aláró ti wọ ọ̀ràn náà. Igi kan wà ní ilẹ̀ Mexico àti agbègbè rẹ̀ tí àwọn ènìyàn ti ń fi inú ìtí rẹ̀ pa aṣọ láró, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń lo ewé ẹ̀lú. Lára igi náà ni hematoxylin ti wá, èyí tí ń sọ kóró inú sẹ́ẹ̀lì di aláwọ̀ aró. Eosin, tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà Jámánì ṣe, ń sọ ìyókù di pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Láti nǹkan bí 1876 ni a ti ń lo méjèèjì pọ̀, títí di òní olónìí sì ni àwọ̀ méjì yìí ni a kọ́kọ́ ń lò.

Nígbà tí àwọ̀ ti yanjú, àwọn oníṣègùn kó àmì jẹjẹrẹ jọ. Bí kóró sẹ́ẹ̀lì bá tóbi tó sì dúdú, bí sẹ́ẹ̀lì bá ń pín sí méjì lọ́pọ̀lọpọ̀, bí wọ́n bá ń wọnú ẹran tó yí wọn ká, kí a fura. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó fi ọjọ́ ayé wọn ṣe iṣẹ́ yìí ni Arthur Purdy Stout, oníṣẹ́-abẹ tó di onímọ̀ àrùn ní Yunifásítì Columbia ní New York. Ó kó ohun tó kọ́ nípa kókó inú ẹran ara jọ sínú ìwé kan tó jáde ní 1953.

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí ni ìyàlẹ́nu dé. Oníṣègùn mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Konwaler, Keasbey àti Kaplan, kọ̀wé nípa kókó kan tó ní púpọ̀ nínú àwọn àmì tí a kà sílẹ̀ wọ̀nyí, tí kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ. Àwọn ọ̀dọ́ ló sábà máa ń yọ sí lára, pàápàá láàárín ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn ọwọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló ń yára dàgbà, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń pín kíkankíkan, ó sì ń wọnú ẹran ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá yọ ọ́, ó tán. Bí a kò tilẹ̀ yọ ọ́ tán, ó ṣọ̀wọ́n kó tún padà. Nodular fasciitis ni orúkọ tó ń jẹ́ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tó rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Láyé ìgbà náà, gígé apá tàbí ẹsẹ̀ ni ìtọ́jú tó wọ́pọ̀ fún sarcoma tó bá wà níbẹ̀. Ìgbà tó di 1982 ni èsì ìdánwò kan ní Amẹ́ríkà jáde, tó fi hàn pé fún ọ̀pọ̀ aláìsàn, yíyọ kókó náà pẹ̀lú ìtọ́jú onítànṣán lè dí ipò gígé apá tàbí ẹsẹ̀. Gbólóhùn kan láti ẹnu ẹni tó jókòó ti máíkírósíkóòpù, nígbà náà, tó láti gba apá lára ọ̀dọ́ tí àìsàn rẹ̀ ìbá ti tán pẹ̀lú iṣẹ́-abẹ kékeré.

Báwo ni a ṣe ń dá ayédèrú jẹjẹrẹ yìí mọ̀? Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tú ká bí ohun tó léfòó, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì sun sí àárín wọn. Pípín wọn pọ̀, ṣùgbọ́n ó gún régé. Kóró wọn jọra, kò sì dúdú kọjá ààlà. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni ìbéèrè kàn: ọ̀sẹ̀ mélòó ló fi yọ? Báwo ló ṣe tóbi tó? Kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ. Ẹni tó wo gíláàsì tí kò béèrè ìtàn aláìsàn, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

Bí a ṣe rí ayédèrú jẹjẹrẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni a rí orúkọ tí kò dúró lórí ẹsẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, malignant fibrous histiocytoma ni orúkọ tí a ń fún sarcoma àwọn àgbàlagbà jù lọ. Ó di àpò tí a ń kó gbogbo ohun tí kò jọ ẹnikẹ́ni sí. Ohun tó tú àpò náà ni iṣẹ́ tí Köhler àti Milstein ṣe ní Cambridge ní 1975, tí wọ́n fi gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1984. Wọ́n rí ọ̀nà láti ṣe èròjà agbóguntàrùn onírú kan ṣoṣo lọ́pọ̀ yanturu. Bí kọ́kọ́rọ́ tó bá àgádágodo kan péré mu ni èròjà náà rí: èyí tó mọ desmin, ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì iṣan, yóò lẹ̀ mọ́ kókó tó jọ iṣan, yóò sì fi ti ọ̀rá sílẹ̀. Ní 1992, Christopher Fletcher ní London tún kókó 159 wò, èyí tí wọ́n ti kà sí irú sarcoma yìí. Ó rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní orúkọ mìíràn tó tọ́ sí wọn. Nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 1ọdún 2013, a kò rí orúkọ àtijọ́ náà mọ́.

Ìtàn náà kò tí ì parí síbẹ̀. Àwọn ènìyàn ti gbà fún ìgbà pípẹ́ pé wíwú lásán ni nodular fasciitis. Ní 2011, ìwádìí kan fi hàn pé nínú ọ̀pọ̀ jù lọ irú kókó bẹ́ẹ̀, jíìnì kan tí à ń pè ní USP6 ti kúrò níbi tó yẹ, ó sì ti lẹ̀ mọ́ òmíràn. Kókó gidi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ kì í pẹ́ tán.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí a fi sílẹ̀ fún ìjíròrò nìyí. Láti 1838 di òní, gíláàsì kan náà ni a ń wò. Ìbéèrè tí a ń bi í ni ó ń yí padà. Àmì tí Stout àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tò sílẹ̀ kò di irọ́ ní 1955. Ohun tó di mímọ̀ ni pé àmì kan ṣoṣo kò tó láti dá ẹjọ́. Kí ni ó yẹ kí ẹni tí ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì kọ́kọ́ fi hàn án: àmì tí yóò há sórí ni, tàbí ìgbà tí àmì kò tó?