Kọ́kọ́rọ́ Tí A Kọ́kọ́ Ní

Ilé tí wọ́n bí mi sí ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò ní kọ́kọ́rọ́. Ilé kì í ṣófo: ìyá bàbá mi á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àwọn ìyàwó ilé á máa dáná lẹ́yìnkùlé, ọmọdé á kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìgbà tí a dé Sùúrùlérè ni màmá mi kọ́kọ́ ní kọ́kọ́rọ́. Etí ìró rẹ̀ ló so ó mọ́.

Ọ̀rọ̀ ilé wíwó tó gbé wa dé Sùúrùlérè ti wà nílẹ̀ kó tó kàn wá. Àjàkálẹ̀-àrùn eku jà l'Ékòó láti 1924. Ní 1928 ìjọba òyìnbó dá Lagos Executive Development Board (L.E.D.B.) sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Ọdún 1955 ni ilé wíwó bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu láàárín Erékùṣù Èkó. Òmìnira ń bọ̀, wọ́n fẹ́ kí ojú olú-ìlú mọ́. Wọ́n kọ́ ilé sí Sùúrùlérè, wọ́n pè é ní New Lagos. N kò ní purọ́, ilé náà dára, àdúgbò pa rọ́rọ́. Ìparọ́rọ́ yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí màmá mi sùn. Agboolé kan ti tú ká: àbúrò bàbá mi wà ní Mushin, ìyá àgbà kọ̀, ó lọ sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Kò lò tó ọdún méjì mọ́ láyé.

Àkàrà ni màmá mi ń dín. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, oòrùn kì í tíì mú tí àkàrà fi ń tán. Ní Sùúrùlérè, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ táwọn aládùúgbò fi ń wọkọ̀ kọjá afárá Carter lọ sí Erékùṣù. Ọ̀hún ni wọ́n ti ń jẹun. Síbẹ̀, ẹ̀wà kóńgò mẹ́ta ló ṣì ń rẹ. A jẹ àkàrà láàárọ̀, a jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, a tún fi mu ẹ̀kọ lálẹ́. Ó pẹ́ kó tó dín in kù sí kóńgò kan. Lọ́jọ́ tó dín in kù, ó sunkún.

Peter Marris, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, bá irú àwa bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1961. Ohun tó ń ṣe wá náà ló kọ: owó ọkọ̀ ń jẹ owó ọbẹ̀, olójà pàdánù oníbàárà, ẹbí kò rójú bẹ ara wọn wò.

Mo gbọ́ pé àwọn ìdílé Palẹstínì tí ogun lé nílé ní 1948 ṣì ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé náà lé ọmọ lọ́wọ́. Kátápílà ló lé tiwa, kì í ṣe ìbọn. N kò ní fi wé tiwọn. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí ilé rẹ̀ wó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbàgbé ọ̀nà.

Bí màmá mi bá rajà tán ní Jankárà, a ó yà síbi tí ilé wa wà tẹ́lẹ̀. Ilé ìtajà alájà ti dúró lójú ilé wa. Yóò sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, yóò ka ìṣísẹ̀ láti igun mọ́ṣáláṣí, yóò dúró.

“Ibí ni Ìyá ń jókòó sí.”

Lójú àwọn èrò ọjà, yóò kúnlẹ̀, yóò kí Ìyá, kó tó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.