Omi Kì Í Dúró Lẹ́nu Ààlà

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nígbà tí àgbà bá ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ọmọdé, tàbí tí ọmọdé bá ń ṣe orí kunkun sí àgbà, ni a sábà máa ń pa òwe yìí, a ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Gíga ni pẹpẹ ga. Bí ọmọdé bá dàgbà, ọwọ́ rẹ̀ á tó o lọ́jọ́ kan. Ti kèrègbè kò rí bẹ́ẹ̀. Ọrùn rẹ̀ kò ní fẹ̀ sí i, ọwọ́ àgbà kò sì ní padà kéré mọ́. Ohun tí kò ṣeé ṣe fún ọmọdé lónìí lè ṣeé ṣe fún un lọ́la, ṣùgbọ́n bí àgbà ṣe ń tóbi sí i ni kèrègbè ń ṣòro fún un sí i. Nítorí náà, òwe yìí kì í ṣe ìkìlọ̀ fún ọmọdé nìkan. Ẹni ńlá ló bá wí jù: ibì kan wà tí agbára rẹ̀ kò dé, títóbi rẹ̀ gan-an ló sì fà á. Abájọ tí àwọn àgbà fi máa ń fi kún un pé iṣẹ́ tí èwe bá bẹ àgbà, kí ó má ṣe kọ̀ ọ́. Gbogbo wa la níṣẹ́ tí a jọ ń bẹ ara wa.

Ojú òwe yìí ni mo fẹ́ fi wo ọ̀ràn àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa, pàápàá àwọn tó ní ìlú kéékèèké lábẹ́ wọn. Àfikún Kẹrin sí Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 to iṣẹ́ kánsù lẹ́sẹẹsẹ: ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà, iná ojú pópó, ọjà, gáréèjì, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, kíkó ìdọ̀tí, fífún òpópónà lórúkọ àti ilé ní nọ́ńbà. Ẹ tún un kà, ẹ ó rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í dúró sójú kan. Ọ̀nà ń lọ sí ìlú ẹlòmíràn. Ará ìlú méje ló ń ná ọjà kan. Ìdọ̀tí tí wọ́n dà sí ẹ̀yìn odi ìlú tiwa, iwájú ilé àwọn ará ìlú kejì ló wà. Òfin fa ààlà fún kánsù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó gbé lé e lọ́wọ́ kò mọ ààlà náà.

Gọ́tà kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, níbi tí ìlú ńlá kan ti fara kan ìlú kékeré. Lápá ti ìlú ńlá, kọnkéré ni wọ́n fi ṣe é, ó jìn dé àyà ọmọdé, wọ́n sì fi síláàbù bò ó níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ó gùn bọ̀ títí dé ìdí pátákó tí kánsù kejì fi ń kí àlejò káàbọ̀, ibẹ̀ ló sì ti tán, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Gbogbo omi tí kọnkéré ti kó jọ láti òkè ló ń ya lu ilẹ̀ pupa níbẹ̀. Ihò náà ń fẹ̀ lọ́dọọdún. Ó ti hú ìpìlẹ̀ ògiri ilé kan síta, àwọn ìyá alákàrà tó máa ń jókòó síbẹ̀ sì ti kó lọ sí òdìkejì títì. Bí ẹ bá bi kánsù tòkè, á ní òun ti ṣe iṣẹ́ tòun dé ibi tí ilẹ̀ òun mọ. Bí ẹ bá bi kánsù tìsàlẹ̀, á ní òun kọ́ lòun da omi. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ, ilé olónílé sì ń wó lọ.

Kánsù tòkè ní gírédà, ó ní ẹnjiníà, owó tó ń wọlé fún un sì pọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n àfonífojì tí omi náà yóò gbà dé odò, ilẹ̀ kánsù kékeré ló wà. Kò lè gbẹ́ ẹ láìgbàyè. Kánsù kékeré ní ilẹ̀ àti àfonífojì, kò ní gírédà. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé òwe náà bá ẹni ńlá wí jù.

Ìlú Ìbàdàn fúnra rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló pín in mọ́wọ́, ó sì wà lára àwọn ìlú tó tóbi jù nílẹ̀ Yorùbá. Síbẹ̀, lára omi tó ń mu, odò Ọ̀ṣun ni wọ́n ti ń fà á ní Aṣèjìrẹ́, nínú adágún tí wọ́n sé ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Odò náà gba ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé kọjá kó tó dé ibẹ̀. Ohun tí wọ́n bá dà sínú rẹ̀ lókè, tàbí tí àwọn awakùsà bá rú sókè nínú rẹ̀, ó di dandan kó sọ̀ kalẹ̀ wá. Ìlú ńlá kò lè fi agbára sọ omi yẹn di mímọ́. Àfi kó bẹ àwọn kéékèèké níṣẹ́.

Kí ló wá dé tí kánsù àti kánsù kì í fi í jókòó pọ̀? Mo rò pé ìtàn wa ló dá a sílẹ̀. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ṣe ní 1952 pín kánsù sí ìpele mẹ́ta, débi pé kánsù tó ga wà tó lè bójú tó ohun tó kan ìlú púpọ̀, tí kánsù kékeré náà sì wà fún tinú ilé. Àtúntò ọdún 1976 pa ìpele wọ̀nyẹn rẹ́, ó sọ gbogbo kánsù di ẹgbẹ́ ara wọn, ó sì ní kí èèyàn tó wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wà láàrin 150,000 sí 800,000. Kánsù 301 ló wà nígbà náà. Ní 1996, wọ́n ti di 774. Láàrin ogún ọdún yẹn, ohun tí gbogbo ìlú ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n yọ tiwọn sọ́tọ̀.

N kò bá wọn wíjọ́. Ìlú tí kò ní sẹ́kitéríàtì kì í rí ọ̀nà ọ̀dà, ọmọ rẹ̀ kì í tètè rí iṣẹ́, ọba rẹ̀ sì lè má rí àga jókòó níbi tí wọ́n ti ń pín nǹkan. A mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ yìí gbé wa dé. Ìjà lórí ibi tí olú ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ yóò wà wà lára ohun tó dá ogun Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ sílẹ̀ ní 1997, ẹ̀mí àti dúkìá tó sì bá a lọ kò kéré. Ìlú tó ti fi irú ojú yẹn wo kánsù, bí aládùúgbò bá ní “ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é,” ohun tó ń gbọ́ ni “ẹ jẹ́ ká gbé yín mì.”

Ní July 11, 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó kánsù máa lọ tààrà sọ́wọ́ kánsù, kí gómìnà má ṣe dá a dúró sínú àpò àjọni ìpínlẹ̀ àti kánsù mọ́. Inú mi dùn sí ìdájọ́ yẹn. Àmọ́ ohun tó yanjú ni ẹni tí yóò gba owó. Kò sọ bí kánsù méjì yóò ṣe jọ ná an sórí afárá kan. Ẹ̀ka keje nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ti pàṣẹ pé kí kánsù kópa nínú ètò ọrọ̀ ajé àti ìdàgbàsókè agbègbè rẹ̀, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ sì ṣe òfin tí yóò dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún un. Ó yẹ ká máa bi àwọn aṣòfin wa léèrè ìgbìmọ̀ yẹn bí a ṣe ń bi wọ́n léèrè tiránsífọ́mà.

Àwọn kan tó sún mọ́ wa ti gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Collines, àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìdáàṣà, Yorùbá bíi tiwa, ń bá àwọn Máhì àti ẹ̀yà mìíràn gbé. Òkè àti àpáta ló yí wọn ká. Ìlú Dassa-Zoumé (Ìdáàṣà) gan-an, òkè mọ́kànlélógójì ni wọ́n fi ń kì í. Òfin tó gbé agbára fún àwọn kọ́mùnù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn, jáde ní January 1999, wọ́n sì dìbò àkọ́kọ́ láti ìparí 2002. Kọ́mùnù 77 ló wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Mẹ́fà ló wà ní Collines: Savè (Ṣábẹ̀ẹ́), Dassa-Zoumé, Glazoué, Savalou, Bantè àti Ouèssè. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà para pọ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, tí wọ́n jọ ń ti inú rẹ̀ wo ìdàgbàsókè agbègbè wọn, ẹkùn Picardie ní ilẹ̀ Faransé sì bá wọn lọ́wọ́ sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ wo bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí, ẹ ó mọ ìdí tí wọ́n fi nílò ara wọn. Dassa ni títì ńlá tó ń ti Cotonou bọ̀ ti pín sí méjì: ọ̀kan gba Savè lọ sí Parakou, èkejì gba Savalou àti Bantè lọ sí Djougou. Ọjà Glazoué, tó wà lẹ́bàá ojú irin, ni iṣu àti àgbàdo ń wọ́ lọ láti oko kọ́mùnù mìíràn. Bí ọ̀nà oko ní Ouèssè bá bàjẹ́, owó ọjà Glazoué náà á dín kù. Glazoué tó ni ọjà kò lè lọ tún ọ̀nà ọlọ́nà ṣe fúnra rẹ̀. Ouèssè tó ni ọ̀nà kò sì rí owó ọjà gbà.

Ohun tó wù mí jù nínú ètò wọn ni pé kò sí ẹni tó gbé ẹnì kan mì. Savè ní olórí kọ́mùnù tirẹ̀, Bantè ní tirẹ̀. Ọ̀dọ̀ Faransé ni wọ́n ti kọ́ irú ètò yìí, níbi tí kọ́mùnù tó lé ní 30,000 ti di orúkọ àti olórí wọn mú, tí wọ́n sì jọ ń ṣe omi, ìdọ̀tí àti ọkọ̀ èrò lábẹ́ àjọṣe. Òfin ọdún 2015 níbẹ̀ ní kí irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ ní èèyàn tó tó 15,000 ó kéré tán, yàtọ̀ sí àwọn agbègbè tí òkè tàbí àìpọ̀ èèyàn bá dá yàtọ̀. N kò sọ pé kí a gbé òfin wọn wọ̀ bí ẹ̀wù. Owó ìrànlọ́wọ́ láti òkèèrè náà ní ìpalára tirẹ̀: ẹni tó bá gbójú lé e, ọjọ́ tó bá tán ni iṣẹ́ dúró. Àmọ́ ìbẹ̀rù tó ń dá tiwa dúró, ìbẹ̀rù pé àjọṣe á pa orúkọ ìlú rẹ́, àwọn wọ̀nyẹn ti rí ọ̀nà gbé e gbà.

Nílé níbí, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ló kún ọ̀pọ̀ àlàfo yìí. Àwọn ọmọ bíbí ìlú tó wà ní Èkó, London àti Houston ń dá owó jọ, wọ́n ń kọ́ gbọ̀ngàn, wọ́n ń tún ààfin àti ilé ìwé ṣe. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú di í. Ṣùgbọ́n orúkọ ìlú ni wọ́n fi ń dáwó, ẹnu odi ìlú náà sì ni owó yẹn sábà máa ń mọ. Ta ni yóò dáwó fún kọ́fáàtì tó wà ní agbedeméjì ìlú méjì?

Kánsù ló yẹ kó ṣe é, pẹ̀lú àdéhùn tó wà nínú ìwé. Ìfẹ́ láàrin alága méjì kò tó, torí alága á lọ, òmíràn á dé. Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò dá, kó sì wo agbára oníkálùkù. Kó sọ ẹni tí yóò gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, àti ẹni tí yóò máa kó ẹrẹ̀ kúrò nínú gọ́tà lẹ́yìn tí àwọn oníròyìn bá ti yàwòrán lọ. Ibi ẹrẹ̀ yìí ni àdéhùn ti sábà ń dàrú. Ẹni tó bá gbà láti máa kó o, kí wọ́n yọ owó lébírà rẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìsúná ọdọọdún kánsù méjèèjì.

Kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́lé sí. Ní àwọn ìlú tó ń fẹ̀ sí ara wọn báyìí, ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí pílánù ilé wà lọ́tọ̀ ní kánsù kọ̀ọ̀kan, odò tó wà láàrin wọn sì lè wà lórí máàpù ọ̀kan kó má sí lórí ti èkejì. Kí àwọn òṣìṣẹ́ méjèèjì gbé máàpù kan ṣoṣo kalẹ̀, kí wọ́n fẹsẹ̀ rin ilẹ̀ náà pẹ̀lú baálẹ̀ àti àwọn onílẹ̀ apá méjèèjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n sì ri òpó mọ́lẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé dé. Owó sọ̀fíyọ̀ kan ló ń ná wọn, alága tó ń fẹ́ ṣe é kò sì ní láti dúró de Àbújá kó tó bẹ̀rẹ̀.