Èwo Ló Bí Èkejì?

Ní abúlé wa ní Lágelú, bàbá bàbá mi a máa sọ pé, ‘Láti ọjọ́ tí a ti gba ìgbàgbọ́ ni àbíkú ti tán nílé wa.’ Ó ní Ifá tí ẹ̀gbọ́n òun ń bọ ló fa ikú àwọn ọmọ òun. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Nígbà tí àwọn jagunjagun tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní 1829, ogun ló kó èrò jọ, kì í ṣe ẹ̀sìn tuntun. Ìlú ti kún kí àlùfáà Hinderer tó wá jókòó níbẹ̀ ní 1853. Àwọn Mùsùlùmí sì ti ṣáájú rẹ̀. Ogun Kírìjì parí ní 1893, rélùwéè dé ní 1901, kòkó sì gbilẹ̀ lóko. Owó kòkó la fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Òun náà la fi fẹ́yàwó, tí a fi bímọ.

Ikú ọmọ ńkọ́? Ṣọ̀pọ̀nná kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹ̀sìn rẹ̀. Onígbàgbọ́, Mùsùlùmí, onífá, gbogbo wọn ni wọ́n bupá fún, títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní 1980 pé àrùn náà ti kúrò láyé.

N kò sọ pé ẹ̀sìn kò ṣe nǹkan: ilé ìwé àwọn ìjọ ló kọ́ ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì wa. Ṣùgbọ́n bí ohun méjì bá jọ ń dàgbà, ẹ má yára sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Ìyá kan náà lè ti bí àwọn méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí ó ti bí bàbá bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.