Ẹ̀tẹ̀ Ń Bẹ Níbẹ̀, Làpálàpá Ni Wọ́n Ń Wò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kì í ṣe pé làpálàpá kì í yún ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń tọ́jú èyí tí kò lè pa ni, tí ó sì jẹ́ kí èyí tí ń jẹ ọmọ ìka tán máa gbilẹ̀, kò tíì ṣe ìtọ́jú kankan, bí ó tilẹ̀ jókòó ti ewé àti egbò láti òwúrọ̀ dalẹ́.

Irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe sí òfin àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Láyé Ọbabìnrin Victoria, Lọ́ńdọ̀nù lágbára láti kọ̀ láti buwọ́ lu òfin tí ilé aṣòfin òkè òkun bá ṣe. Nígbà tí New South Wales ní Ọsirélíà ṣòfin ní 1896 láti tilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí àwọ̀ wọn kò funfun, Lọ́ńdọ̀nù kò buwọ́ lù ú; ó ṣe tán, ọmọ abẹ́ Ọbabìnrin kan náà ni àwọn ará Índíà, Lọ́ńdọ̀nù kò sì fẹ́ múnú bí Jàpáánì.

Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ yóò rò pé wọ́n gbèjà àlejò ni. Ṣùgbọ́n ní 1897, nígbà tí àwọn olórí ìjọba ilẹ̀ wọ̀nyẹn péjọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ayẹyẹ 60 ọdún Ọbabìnrin lórí ìtẹ́, Joseph Chamberlain, mínísítà tí ọ̀ràn wọn wà níkàáwọ́ rẹ̀, rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n yé dárúkọ àwọ̀ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n tọ ipa Natal ní gúúsù Áfíríkà, tí òfin rẹ̀ ní kí àlejò fi èdè Yúróòpù kan kọ̀wé kí ó tó wọlé.

Ọsirélíà gba ẹ̀kọ́ náà tọwọ́tẹsẹ̀. Lábẹ́ òfin tí ó ṣe ní 1901, òṣìṣẹ́ ìjọba yóò máa ka 50 ọ̀rọ̀ ní èdè Yúróòpù tí òun fúnra rẹ̀ yàn, àlejò yóò sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Bí onítọ̀hún bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó lè bá èdè Jámánì pàdé. Lẹ́yìn 1909, ẹnikẹ́ni kò yege mọ́ títí wọ́n fi pa ìdánwò náà rẹ́ ní 1958. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó: ní 1934, wọ́n ka èdè Gaelic ti Skọ́tílándì fún Egon Kisch, òǹkọ̀wé aláwọ̀ funfun láti Prague, tí ó gbọ́ èdè púpọ̀, nítorí pé ìjọba kò fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga ni ó ní Gaelic kọ́ ni òfin ní lọ́kàn.

Nítorí náà, bí a bá ń pín ẹ̀bi, kí ó má mọ sórí Ọsirélíà nìkan. Ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù ní agbára àtikọ̀, ó sì fi kọ́ wọn bí a ti ń lé àlejò láìdárúkọ rẹ̀.