Ìròyìn Kì í Ṣe Ti Ọlọ́jà

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Àgúnmu ni egbòogi tí a gún kúnná, tí à ń dà sínú ẹ̀kọ gbígbóná mu kí ara lè le. Òwò tí a kò bá polówó, kò ní í lókun. Ìtumọ̀ òwe náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tó ń bá a jà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ́jú pọ̀ ni ọ̀dọ̀ oníṣòwò kékeré tí kò lówó àgúnmu. Irú wọn máa ń rò pé bí àwọn kò bá lè sanwó ìpolówó, kí akọ̀ròyìn bá àwọn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn a kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ rédíò pé, "Búrẹ́dì wa dùn, ó rọ̀, ẹ wá rà á." Lẹ́tà ò ní dé orí afẹ́fẹ́, wọn a sì ní àwọn ò mọ ènìyàn níbẹ̀ ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Lọ́pọ̀ ìgbà ṣá, ẹnu ọ̀nà ìròyìn ni wọ́n gbé ẹrù ìpolówó lọ.

Ìpolówó, ọlọ́jà ló ni ín. Òun ló san owó rẹ̀, òun ló yan ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, òun ló sọ iye ìgbà tí wọn yóò gbé e jáde. Ìròyìn ní tirẹ̀, olùgbọ́ ló ni ín. Ohun tí ẹni tó jókòó sínú dánfó yóò rí mú nínú ọ̀rọ̀ náà ni olóòtú ń wò. Èrè ọlọ́jà kò sí lọ́kàn rẹ̀. Ẹnu kẹta sì wà tí àwọn ènìyàn kì í kà mọ́ ọn, ìyẹn ẹnu tí a fowó yá. Àwọn olórin jùjú bí Ebenezer Obey àti Sunny Adé kọ orúkọ oníṣòwò sínú àwo orin wọn, àwọn tí wọ́n kì sì náwó fún wọn. Kò sí àléébù níbẹ̀, nítorí gbogbo ẹni tó ń jó ló mọ̀ pé oríkì ni òun ń gbọ́. Àléébù ibẹ̀ ni kí á ra oríkì, kí á wá pè é ní ìròyìn. Àwọn akọ̀ròyìn Nàìjíríà fúnra wọn kọ ọ́ sínú ìlànà iṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní Ìlọrin lọ́dún 1998 pé bíbéèrè owó kí ìròyìn tó jáde lòdì sí ohun tí à ń pè ní ìròyìn. Nítorí náà, ẹni tó fún akọ̀ròyìn ní "owó ọkọ̀" kò rí nǹkan ọ̀fẹ́ gbà o. Ìpolówó ló rà, wọn ò kàn já rìsíìtì fún un ni.

Ẹ jẹ́ ká wo Hilda Baci, obìnrin tó ní ilé oúnjẹ ní Èkó. Láti ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ló fi dáná ní Lẹ́kkí, tí ayé ń wò ó. Gómìnà Èkó, Sanwó-Olú, lọ kí i, àwọn ilé-iṣẹ́ ìròyìn òkè òkun náà sì gbé e. Àwọn kan ní orí ló gbè é. Àwọn mìíràn ní ó mọ àwọn gbajúmọ̀ ni. Wọn kò wo iṣẹ́ tó ti ṣe kó tó dá iná. Ó ti kọ̀wé sí Guinness World Records, àwọn tó ń kọ orúkọ ẹni tó ta yọ jù láyé sílẹ̀. Ipò ẹni tó dáná pẹ́ jù láyé ló ń dù, ó sì lẹ́ni tó wà níbẹ̀: Lata Tondon, ọmọ Íńdíà, tó dáná fún wákàtí 87 àti ìṣẹ́jú 45. Ojú gbangba ló ti ń sè é, àwọn tó wá wò ó sì ń jẹ níbẹ̀. Ohun tí ìròyìn ń fẹ́ nìyẹn: iye tí èrò lè máa kà, ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe ará ilé, àti àbájáde tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀.

Wákàtí 100 ni gbogbo ènìyàn ń pariwo nígbà tó paná. Nígbà tí Guinness kà á tán, wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11 ni wọ́n kọ sílẹ̀, nítorí ìsinmi kan níbẹ̀rẹ̀ tó gùn ju iye ìṣẹ́jú tí òfin fàyè gbà. Àwọn tó ti yìn ín tẹ́lẹ̀ náà ló tún gbé èyí jáde. Ká ní ìpolówó ni, ọlọ́jà ì bá fi í sí 100, kò sẹ́ni tí yóò mú un. Ohun tí à ń san fún ìròyìn ọ̀fẹ́ nìyẹn: a kì í lè pàṣẹ fún un. Ibẹ̀ náà sì ni agbára rẹ̀ wà. Nítorí pé àjèjì ló yọ wákàtí méje tó kù díẹ̀ kúrò, kò sẹ́ni tó jiyàn èyí tó ṣẹ́ kù.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi di àfarawé. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, akẹ́kọ̀ọ́ kan dáná fún wákàtí 120 ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ṣùgbọ́n kò kọ̀wé sí Guinness ṣáájú, orúkọ rẹ̀ kò sì wọ ìwé wọn. Nígbà tó di oṣù Keje, ìjọba Èkìtì ti fòfin de àwọn tó fẹ́ fi ìfẹnukonu du ipò. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe ìròyìn lánàá ti di yẹ̀yẹ́.

Kò sì pọn dandan kí ènìyàn dáná fún ọjọ́ mẹ́rin kí ìròyìn tó gbé e. Ní ọjà adìrẹ Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, aṣọ ẹ̀rọ láti Ṣáínà tó ń fara wé adìrẹ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn akọ̀ròyìn ti ń tọ pinpin rẹ̀. Ìyá aládìrẹ tó bá tẹ́ aṣọ méjì sílẹ̀ níwájú ìsọ̀ rẹ̀, tó yí wọn dé, tó fi hàn pé aró mu adìrẹ oníko, èyí tí a so kí a tó rẹ ẹ́, dé ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n àwọ̀ ti ẹ̀rọ kò hàn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, ti fún ayàwòrán níṣẹ́. Olùgbọ́ rédíò pàápàá lè lọ yẹ aṣọ tirẹ̀ wò nílé. Orúkọ ìyá náà àti ìsọ̀ rẹ̀ yóò jáde láìjẹ́ pé ó tọrọ. Bákan náà ni oníbúrẹ́dì tó ń kọ iye tó ra àpò fúláwà sílẹ̀ lóṣooṣù. Lọ́jọ́ tí fúláwà bá tún gbówó lórí, akọ̀ròyìn ń wá ẹni tí yóò sọ̀rọ̀. Kí akọ̀ròyìn ti ní nọ́ńbà oníbúrẹ́dì náà lọ́wọ́, kí oníbúrẹ́dì náà sì gbé fóònù nígbà tó bá dún, nítorí ètò kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní mo ti sọ òwe di irọ́. Àgúnmu ṣì ni àgúnmu: ìròyìn kì í sábà sọ iye tí ọlọ́jà ń ta ọjà rẹ̀, kì í sì í padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí náà ẹni tí ìwé ìròyìn Aláròyé kọ nípa rẹ̀ lónìí ṣì gbọ́dọ̀ polówó lọ́la. Ẹni tó bá wá fẹ́ kọ̀wé sí olóòtú, kó kọ́kọ́ yọ orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú lẹ́tà náà, kó tún un kà. Bí ohun kan bá ṣẹ́ kù tí ará àdúgbò yóò fẹ́ gbọ́, kó dá orúkọ náà padà, kó fi ránṣẹ́. Bí kò bá ṣẹ́ ku nǹkan kan, ọ́fíìsì ìpolówó ni kó lọ, kó sì mú owó dání.